Ọmọ Tí Sabina Rí He ní Ṣómólú

Ẹ má dárúkọ Adéjìmí létí mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí n jẹ oúnjẹ mi tán lálàáfíà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn wà níbi tó wà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí mà ti pẹ́ o." Ó ti pẹ́ kẹ̀? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ Sabina ọ̀rẹ́ mi ni mo sì fẹ́ sọ, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí mi ò ní fẹnu kan ìyẹn.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá Rájí, ní Ṣómólú, lọ́nà tó lọ sí Bàríga. Ọdún tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá sí Èkó ni. Èmi Fadékẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, aránṣọ ni mí, máṣíìnì ọlọ́wọ́ mi ló wà lábẹ́ fèrèsé. Sabina, ọmọ Ìlàjẹ ni. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàríga, òun náà á sì ru ẹja yíyan yẹn lọ tà ní Onípanu. Munirat lẹni kẹta, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Fádèyí. Òun nìkan ló lọ́kọ nínú wa. Ràsákì lorúkọ ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe l'Ókè Ọya, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń wálé.

Ẹ wò ó, ẹni tí kò bá ọ̀rẹ́ gbé yàrá kan rí, kò tíì mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìkòkò kan la fi ń sebẹ̀, ẹní méjì la ń tẹ́, ìjà omi kànga la sì fi ń jí. Munirat á fi omi tí mo pọn ṣe àlùwàlá, èmi á pariwo. Èmi á fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi sílẹ̀ lórí ẹní, á gún Munirat lẹ́sẹ̀, òun náà á pariwo. Sabina kì í pariwo. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan dá búbá rẹ̀ padà, ó ní àrọ̀ yíyan ló ń rùn lára rẹ̀. Háà, mo bínú! Mo bú Sabina, mo bú ẹja rẹ̀, mo bú ọ̀sà tí wọ́n ti pa á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Sabina ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde sábẹ́ òrùlé ìdáná, ó sì tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kó lè máa lé ológbò. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí i, á dákẹ́, á sì lọ ṣe nǹkan náà.

Munirat kì í ṣe ẹni tó yẹ kó wà nínú yàrá wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì ló ti bí nílé ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì kú kí wọ́n tó rìn. Nígbà tó lóyún ẹ̀kẹta, àwọn àgbà ní kó má bí i sínú ilé yẹn mọ́. Sabina ló ní kó wá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn tó ti sọ fún un tán, mo sì bínú sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí Munirat pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí àti oyún níwájú, mo ká máṣíìnì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkùnrin ló bí. Ààfáà sọ ọ́ ní Àlímì. Ìyá Munirat tó wá láti Ìṣẹ́yìn ní Àlímì dára, ṣùgbọ́n orúkọ tí òun fẹ́ kí gbogbo ayé máa pè é ni Ikúmápàyí. Nígbà tí àwọn àlejò jẹ sàárà tán tí wọ́n lọ, ìyá àgbà yìí gbé ọmọ lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé. Ó tẹ́ ewé kókò, ó gbé e lé e, ó kẹ̀yìn sí i. Ó ní kí Sabina lọ gbé e.

"Kí lo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Mo rí ọmọ he, mà."

"Ta ló ni ọmọ?"

"Èmi ni mo ni ín."

Ìyá àgbà wá kó wa jókòó. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, Sabina ni ìyá ọmọ. Munirat á fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pè é lọ́mọ. Ikú tó ń wá ọmọ Munirat kiri kò ní rí ọmọ Munirat kankan nínú ilé. Sabina ò tíì bímọ rí, ikú ò mọ ojú rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà jáde, òun á padà wá, Sabina á sì fẹnu ara rẹ̀ dá a padà fún ẹni tó bí i. Kó tó di ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta bá sọ ọ́, ì báà ṣe fún ògiri, a ti fọmọ lé ikú lọ́wọ́. Ó mú kí á búra.

Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rín. Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò? Mo búra.

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí kò búra, nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kó búra. Adéjìmí ni. Akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú níbẹ̀ ló ti ń to lẹ́tà. Èmi ni alárinà, èmi ni mo mú un wá fún Sabina, mo rò pé mo ń ṣoore. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wa ló ń bọ̀. Á jẹun wa, á pọ́n orí ẹja lá. Ó fi pákó tí wọ́n fi ń di bébà kan àpótí ìjókòó kan fún wa, orí rẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Munirat gbé oyún rìn nínú ilé. Ó wà níbi ìkómọ, ó jẹ sàárà, ẹsẹ̀ adìẹ méjì ló mú. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá àgbà sọ, ó tiẹ̀ ṣàmín.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé irọ́ ló ń pa nílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Ìyá Adébọ̀dé, ló tọ́ ọ dàgbà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó ń jẹ ẹja wa, ìdánrawò orin ló sọ fún màmá yẹn pé òun ń lọ. Ó ti lé lọ́dún kan kó tó sọ pé òun ti rí ọmọ kan tí òun fẹ́ fẹ́, Sabina lorúkọ rẹ̀, ẹja ló ń tà. Màmá náà sì ṣe ohun tí gbogbo àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe: ó wá ṣèwádìí ọmọ.

Ta ló fẹ́ dá a mọ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì òwúrọ̀ lòun ń lọ, tọ̀sán là ń lọ. Mo wà nídìí máṣíìnì nígbà tí ìyá arúgbó kan wọlé tó ní òun ń wá ẹja rà. Ọmọ wà lẹ́yìn Sabina. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹja níkùn, ó ń wò ó, ó ń wo Sabina.

"Ẹ kú ọmọ o. Ọmọ ta lẹ pọ̀n yìí?"

"Ọmọ mi ni, mà," Sabina wí.

"Ẹ ṣeun. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ikúmápàyí, mà."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹja. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń sọ àkọ́bí ní Ikúmápàyí. Ẹni tó bá ń bẹ ikú, ó ti pàdé ikú rí.

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà l'Ókè Ọya, mà." Irọ́ sì kọ́ ni. Ibẹ̀ ni Ràsákì wà.

Ìyá náà gbé ẹja sílẹ̀, ó ní Ọlọ́run á wo ọmọ, ó lọ. Èmi rò pé ọlọ́wọ́ híhá kan tó kàn wá tẹ ẹja lásán ni, mo pòṣé tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ìsinmi dé, Adéjìmí ò wá. Òmíràn dé, kò wá. Sabina gbé orí ẹja tirẹ̀ pa mọ́ títí ó fi bàjẹ́. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo gba ilé ìtẹ̀wé lọ. Mo bá a níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà lọ́wọ́, kò lè wò mí lójú. Ó ní màmá òun sọ pé ọmọbìnrin náà ti bímọ, pé ó ti sin ọmọ rí, pé ó lọ́kọ sí Òkè Ọya.

Ẹ̀rín pa mí. Ara mi wálẹ̀. "Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Ẹ sì ti ṣàlàyé fún wọn?"

Ó ń fi àkísà nu ìka. "Mo máa ṣàlàyé. Àbí kí Sabina kúkú sọ pé ọmọ kì í ṣe tòun? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni."

Títí di ìṣẹ́jú yẹn, "ẹ̀yin" ni mo ń pe Adéjìmí, ó jù mí lọ. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ di "ìwọ", kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé? Ìwọ ò sí níbẹ̀ ni? Ẹnu tèmi, wọ́n ti dì í. Ẹnu Sabina, wọ́n ti dì í. Ẹnu Munirat, wọ́n ti dì í. Ẹnu tìẹ nìkan ló ṣí nínú gbogbo wa. Lọ lò ó!" Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ó ní kí n má pariwo. Ó ní òun á sọ fún màmá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi Ọlọ́run búra.

Mo padà délé, mo sọ fún Sabina pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé èékánná rẹ̀, ó fọ ìró rẹ̀ tó dára.

Àárọ̀ Sátidé ni Adéjìmí àti màmá rẹ̀ wá. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé oníbàárà ẹja ọjọ́sí ni Ìyá Adébọ̀dé. Màmá náà ò fìjà wá o, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ó ní òun kì í fi etí kan dájọ́, òun wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀. A fún un ní àga mi. Adéjìmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó sórí àpótí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Munirat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ títa. Sabina kúnlẹ̀ síwájú màmá, Ikúmápàyí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sí wa, ó ń fi ọwọ́ kékeré gbá a lẹ́jìká.

"Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Ọmọ ta lo pọ̀n?"

Sabina wo Adéjìmí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo Adéjìmí. Ilẹ̀ lòun ń wò.

"Ọmọ mi ni, mà," Sabina wí.

Màmá náà yíjú. "Adéjìmí, o ti wọ ilé yìí rí kó tó di òní?"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó wà lórí àpótí rẹ̀, ìṣó tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ń gún un ní ìdí, ó ní, "Rárá, mà."

"O mọ nǹkan kan nípa ọmọ yìí?"

"Mi ò mọ nǹkan kan, mà."

Olúwa mi! Mo ti pẹ́ láyé, wọ́n ti jà mí lólè, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn mí báyẹn rí. Nítorí kí màmá rẹ̀ má baà mọ̀ pé kì í lọ ìdánrawò orin! Nítorí ìyẹn lásán! Ẹnu ń yún mi. Mo ki etí ìró mi bọ ẹnu, mo bù ú ṣán títí tí mo fi gbọ́ tí ó ya.

Munirat ò lè gbà á mọ́. Ó jáde síwájú, ó ní, "Màmá, ọmọ yìí, èmi ni mo—"

Kí ó tó parí rẹ̀, Sabina ti dìde, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó dì í mú pinpin. Omijé Munirat ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Láìyọ ọwọ́, ó tún kọjú sí màmá, ó ní, "Ọmọ mi ni, mà. Ẹ má bínú."

Màmá náà dìde, ó fọwọ́ kan orí ọmọ. "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá a sí fún ẹ."

"Àmín, mà," Sabina wí.

Wọ́n lọ. Adéjìmí ni kò wẹ̀yìn. Mo gbé àpótí rẹ̀ síta, mo yá àáké lọ́wọ́ Bàbá Rájí, mo là á sí wẹ́wẹ́, mo fi se ẹ̀wà. Sabina jẹ nínú rẹ̀. Ó ní kò jinná dáadáa.

Kò sunkún lójú wa. Ìyá rẹ̀ tó ti ra odindi aṣọ méjì sílẹ̀ de ìgbéyàwó ní Bàríga, òun ló lọ sọ fún un fúnra rẹ̀, kò sì lè sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ bú u débi tó dé. Ní ìdí kànga, àwọn obìnrin ń pè é ní ìyá ọmọ orí ààtàn, mo sì gbá ọ̀kan lójú pẹ̀lú korobá. Munirat ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ pé kó jẹ́ kí òun lọ sọ ọ́, kí ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Sabina ní, "O ti sin méjì. Ọkọ lèmi ń wá, mi ò wá a dójú ikú." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbé ẹja rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ rìn. Sabina wà níta, ó ń to ẹja, ó na ìrù ẹja kan sí i láti ibẹ̀. Ọmọ di férémù ilẹ̀kùn mú, ó tú u sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó gbé èkejì. Munirat figbe ta, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. A ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́yìn.

Ìyá àgbà dé, ó kó wa jọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn kan náà. Àwọn ará ilé wà níbẹ̀, títí kan àwọn ti ìdí kànga. Ọmọ di etí ìró Sabina mú.

"Sabina, ta ló ni ọmọ yìí?"

Mo ń wò ó lẹ́nu. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí Adéjìmí ní kó sọ.

Sabina ní, "Ọmọ yìí kì í ṣe tèmi. Munirat ló bí i." Ó sọ ọ́ geere, ó bẹ̀rẹ̀, ó já ìka ọmọ kúrò lára ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e fún Munirat. Ọmọ ń ké, ó ń nawọ́ padà sí i. Mo sá wọlé. Inú ń bí mi, ẹkún sì ń gbọ̀n mí, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Títí dòní, àwọn méjèèjì ni Ikúmápàyí ń pè ní ìyá.

Ṣé ẹ rò pé mo gbé ẹnu mi tó ti ṣí yẹn pa mọ́? Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, n kò dúró de ìsìn ọ̀sán. Mo jí lọ sí tàárọ̀, mo dúró de Ìyá Adébọ̀dé lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìjọ. "Ó wà níbi ìkómọ náà, mà! Ẹsẹ̀ adìẹ méjì ló mú! Àpótí tó jókòó lé níwájú yín, òun ló kàn án!"

Màmá náà ò bá mi jiyàn. Ó dúró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Adéjìmí mọ̀? Èmi bi í, ó ní òun ò mọ̀." Ló bá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó fa Adéjìmí jáde láàárín àwọn akọrin tó ń múra de ìsìn ọ̀sán, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó di ilé wa.

A bá Sabina nínú àgbàlá, ó ń sá ẹja sóòrùn. Kí a tó mọ̀ ọ́n, Ìyá Adébọ̀dé ti kúnlẹ̀. Àgbàlagbà! Sabina ju ẹja ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré gbé e dìde. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yin bèèrè. Ẹni tó bèèrè ò jẹ̀bi."

Adéjìmí náà dọ̀bálẹ̀ sínú ìpẹ́ ẹja pẹ̀lú aṣọ akọrin. Ó ní, "Sabina, dárí jì mí. Ojú ló tì mí. Jẹ́ ká padà síbi tí a wà."

"Mo ti dárí jì yín," Sabina wí. Òun ò pè é ní "ìwọ" rí, kò sì pè é lọ́jọ́ yẹn. "Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ tí màmá bi yín léèrè nínú ilé yìí, kí lẹ dá wọn lóhùn?"

Adéjìmí ń fìka ṣa ìpẹ́ ẹja nílẹ̀.

"Wọ́n wà níbí yìí, èmi náà wà níbí. Ẹ tún un sọ."

Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa á dé. A dúró dè é, èmi, Munirat, màmá rẹ̀, gbogbo ilé Bàbá Rájí. Kò fọhùn.

"Ó dáa," Sabina wí, ó bẹ̀rẹ̀ padà sídìí ẹja rẹ̀. "Ẹ máa dákẹ́ lọ."